Àgbéyẹ̀wò ethtool: irinṣẹ́ tí a fi ń mọ ìyára káàdì nẹ́tíwọ̀kì lórí Linux

Bí fáìlì bá ń pẹ́ kí ó tó ti orí kọ̀ǹpútà kan dé orí èkejì, kíákíá ni a máa ń di ẹ̀bi ru ilé-iṣẹ́ tí ó ń ta íńtánẹ́ẹ̀tì fún wa, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ náà lè má kàn wọ́n rárá. Ohun tí ó yẹ kí á kọ́kọ́ wò ni ìyára tí káàdì nẹ́tíwọ̀kì àti ẹ̀rọ tí ó wà ní ìdí kejì wáyà rẹ̀ jọ fẹnu kò lé lórí. Fún àwa tí a ń lo Linux, kò sí irinṣẹ́ tí mo lè fọwọ́ sọ̀yà fún lórí iṣẹ́ yìí bí ethtool. Ọ̀fẹ́ ni, orúkọ kan náà ni ó sì ń jẹ́ lórí Debian, Ubuntu àti Fedora, tí gbogbo wọn jẹ́ oríṣi Linux.

Lílò rẹ̀ kò le. A ó kọ́kọ́ tẹ “ip link” láti mọ orúkọ káàdì wa, ìbáà ṣe eth0 tàbí enp3s0, lẹ́yìn náà ni a ó tẹ “sudo ethtool enp3s0”. Ìlà “Speed: 1000Mb/s” ni ojú máa ń sáré lọ bá. Mẹ́gábíìtì ni “Mb”, bíìtì mẹ́jọ ni ó sì wà nínú báìtì kan; bí a bá pín iye náà sí mẹ́jọ, ó di mẹ́gábáìtì 125 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, èyí tí fáìlì gan-an kò ní lè dé tán. “Duplex: Full” ń sọ pé káàdì lè gbà kí ó sì ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí a bá yọ wáyà, “Speed” yóò di “Unknown!”, “Link detected” yóò sì di “no”.

Àmọ́ ibi tí irinṣẹ́ yìí ti tayọ ni àwọn ìlà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kà. “Supported link modes” ń to ohun tí agbára káàdì ká, “Advertised link modes” ń to èyí tí ó ń fi lọ ẹnìkejì rẹ̀, ìyẹn ẹ̀rọ tí ó wà ní ìdí kejì wáyà, “Link partner advertised link modes” sì ń to èyí tí ẹnìkejì náà fi fèsì. Mo ti rí kọ̀ǹpútà tí “Speed” rẹ̀ jẹ́ 100Mb/s, tí 1000baseT/Full, ìyẹn ìyára 1000Mb/s, sì wà nínú àtòkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìyẹn jẹ́ kí n fura sí wáyà, nítorí 1000BASE-T, ìlànà ìyára 1000Mb/s, ń lo gbogbo ìsọ̀rí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí wọ́n lọ́ pọ̀ ní méjì-méjì nínú wáyà, nígbà tí méjì péré tó 100BASE-TX tí ó jẹ́ ti 100Mb/s. Bí okùn tín-ín-rín kan bá já nínú rẹ̀, iná káàdì ṣì lè máa ṣẹ́jú, íńtánẹ́ẹ̀tì ṣì lè máa wọlé, ṣùgbọ́n ìyára ti já wálẹ̀ láìsí ariwo. A pààrọ̀ wáyà, 1000Mb/s sì jáde. Ká ní àtòkọ ẹnìkejì ni ó parí sí 100baseT/Full, swíìṣì tàbí ráútà ni à bá lọ wò.

Fáìlì /sys/class/net/enp3s0/speed náà ń sọ iye ìyára, kò sì béèrè àṣẹ alábòójútó, ṣùgbọ́n nọ́ńbà lásán ni. Kò sọ ìdí. Ní ti mii-tool, irinṣẹ́ àtijọ́ fún iṣẹ́ kan náà, ayé ti fi í sílẹ̀.

Kì í ṣe pé ethtool kò ní àléébù. Kì í sọ ìyára Wi-Fi. Àṣẹ “iw dev wlan0 link” ni a ń lò fún ìyẹn. Ohun tí a bá fi “ethtool -s” yí padà yóò parẹ́ bí a bá tan ẹ̀rọ pa tí a tún tàn án. Mo sì rọ ẹni tí ó bá fẹ́ fi tipátipá yan 100Mb/s pẹ̀lú “autoneg off”, ìyẹn kí káàdì má ṣe bá ìdí kejì ṣe àdéhùn mọ́, pé kí ó ṣọ́ra gidigidi, nítorí bí ìdí kejì bá ṣì ń retí àdéhùn, yóò bọ́ sí “Half”, níbi tí kò ti lè gbà kí ó sì ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ìsọfúnni yóò sì máa forí gbárí. Bákan náà, àdéhùn ni ethtool ń sọ, kì í ṣe ohun tí ó kọjá lórí wáyà. Irinṣẹ́ mìíràn, iperf3, ni a fi ń wọn èyí, ó sì sábà máa ń fi nǹkan bí 940Mb/s hàn lórí wáyà 1000Mb/s tí ara rẹ̀ dá. Bí iye náà bá kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ tẹ “ethtool -S enp3s0” kí ẹ wò bóyá iye àṣìṣe tí orúkọ rẹ̀ ní “crc” nínú, ìyẹn iye ìsọfúnni tí ó dé ní bíbàjẹ́, ń pọ̀ sí i.