Ẹ ṣọ́ra fún ọkùnrin tó ń ta fítámínì "ìgò mẹ́rin" kiri Èkìtì o

Ẹ̀yin èèyàn mi ní Adó, Ìkẹ́rẹ́, Ìjerò, Ìdó títí dé Ọ̀mùò, ẹ jọ̀wọ́ ẹ ka èyí tán kẹ́ ẹ tó kọjá. Ọkùnrin kan wà tó ń gbé oògùn kiri, fítámínì ló ń tà, ìgò mẹ́rin ni: A fún ojú, D fún eegun, E fún awọ ara, K fún ẹ̀jẹ̀. Inú ọkọ̀ Adó sí Ìkẹ́rẹ́ ló ti sábà máa ń polówó. Tó bá di ọjọ́ Ìsinmi, ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì lẹ máa bá a, níbi táwọn ìyá àgbà ti ń jáde. Kóòtù funfun bíi ti dókítà ló ń wọ̀. Ó tún ní nọ́ńbà WhatsApp, téèyàn bá ti sanwó sí àkáǹtì rẹ̀, á fi oògùn rán awakọ̀ sí i.

Ẹ má rà á. Ẹni tó bá ti rà á, kó má lò ó mọ́. Mi ò kàn fẹ́ pariwo lásán, mo fẹ́ ṣàlàyé, torí òótọ́ díẹ̀ wà nínú irọ́ tó ń pa, òótọ́ díẹ̀ yẹn ló sì fi ń mú ọlọ́gbọ́n.

Kò ní ta ìgò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fún yín lẹ́ẹ̀kan náà. Ìgò A nìkan ló máa ń kọ́kọ́ tà. ₦4,000 ló tà á fún màámi. "Màmá, ẹyọ kan láràárọ̀, ẹ máa padà ka Bíbélì yín láìwo jígí." Màámi bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó. Nígbà tó yá, orí ń fọ́ wọn, orí fífọ́ tí Panadol ò ràn. Ètè wọn gbẹ, ó ń bó, bẹ́ẹ̀ àsìkò òjò la wà, ọyẹ́ kọ́. Irun ń já bọ́ sínú kóòmù. Wọ́n bá pe ọkùnrin náà.

Ẹ gbọ́ èsì tó fún wọn: "Ẹ ẹ́n, Màmá, oògùn ti ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. A ló ti pọ̀ lára yín tí D ò sì tó. Ẹ ra D kó bá yín fà á wálẹ̀ kó dọ́gba." Bó ṣe ta ìgò kejì nìyẹn. Tí D náà bá dé pẹ̀lú òùngbẹ àti inú tó ń dí, á ní E ló kù. Téèyàn bá tún ní ara òun ò yá lẹ́yìn E, K ló kàn. Àìsàn tí ìgò kan bá dá sílẹ̀ ló fi ń polówó ìgò tó tẹ̀ lé e. Gbájúẹ̀ ni, àmọ́ gbájúẹ̀ tó kàwé díẹ̀.

Mo ní òótọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Fítámínì mẹ́rin yìí, A, D, E àti K, inú ọ̀rá ni wọ́n ti ń yọ́. Tí C tàbí ìdílé B bá ṣẹ́kù lára, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ á bá ìtọ̀ lọ. Àwọn mẹ́rin yìí kì í ṣe bẹ́ẹ̀, inú ẹ̀dọ̀ àti ọ̀rá ara ni wọ́n ń kó sí, ibẹ̀ ni wọ́n sì máa ń pọ̀ sí díẹ̀díẹ̀, K nìkan ni kì í pẹ́ níbẹ̀. Wọ́n tún máa ń di ara wọn lọ́wọ́. E tó pọ̀ jù kì í jẹ́ kí K ráyè ṣiṣẹ́ rẹ̀ lórí ẹ̀jẹ̀ dídì. A tó pọ̀ jù fún ìgbà pípẹ́ máa ń sọ eegun di aláìlágbára, bẹ́ẹ̀ eegun ni D ń tọ́jú. Nítorí náà, tó bá ń sọ̀rọ̀ nípa kí wọ́n dọ́gba, ẹni tó ti gbọ́ nǹkan bẹ́ẹ̀ rí á máa mi orí.

Irọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé D lè lọ bá yín kó A tó ti kún ẹ̀dọ̀ jáde. Kò sí fítámínì tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń mú A tó pọ̀ jù lọ sílẹ̀ ni kéèyàn ṣíwọ́ lílò rẹ̀, kí ara máa ná èyí tó ti kó pa mọ́, kí dókítà sì máa yẹ ẹ̀dọ̀ wò. Ìgò kejì lórí ìgò kìíní, ẹrù lórí ẹrù ni.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ìgò náà fúnra rẹ̀, torí ibẹ̀ ni àṣírí ti tú.

Ike funfun kékeré ni. Ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́, wọ́n fi àlùmọ́gàjí gé etí rẹ̀, kò gún, wọ́n wá fi sẹ́lótéèpù bò ó kí omi má baà pa á. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni fítámínì A, 5,000 IU (IU ni wọ́n fi ń díwọ̀n agbára fítámínì). Kò sí nọ́ńbà NAFDAC, kò sí orúkọ ilé iṣẹ́, kò sí déètì kankan. Mo da díẹ̀ lára kápúsù inú rẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́. Pupa ni gbogbo wọn, wọ́n rọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní ọrùn tóóró lókè.

Ẹni tó bá ti gbé ọmọ lọ gba fítámínì ní ilé ìlera ìjọba rí á mọ ọrùn yẹn. Òun ni nọ́ọ̀sì máa ń gé, tí á wá fún òróró inú rẹ̀ sọ́mọ lẹ́nu. Oògùn ọ̀fẹ́ ni, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni wọ́n máa ń pín in nígbà Ọ̀sẹ̀ Ìlera Ìyá àti Ọmọ. Búlúù jẹ́ 100,000 IU, ti ọmọ oṣù 6 sí oṣù 11. Pupa jẹ́ 200,000 IU, ti ọmọ oṣù 12 sí 59. Ọmọ á gba ẹyọ kan, ó di bí oṣù mẹ́fà kó tó tún gba òmíràn. Ara ló máa tọ́jú rẹ̀ pa mọ́, tí á máa ná an díẹ̀díẹ̀ láàárín oṣù mẹ́fà yẹn. Ìdí tí wọ́n fi ṣe é lágbára tó bẹ́ẹ̀ nìyẹn.

Ẹ wá bá mi ṣe ìṣirò. Ohun tí ara àgbàlagbà nílò lóòjọ́ ò ju 700 máíkírógíráàmù fún obìnrin, 900 fún ọkùnrin. Tó bá jẹ́ A tí wọ́n ti ṣe parí, irú èyí tó wà nínú kápúsù, ìwọ̀n tí àgbàlagbà ò gbọdọ̀ kọjá lóòjọ́ ni 3,000 máíkírógíráàmù, òun náà ni 10,000 IU. Kápúsù pupa kan ṣoṣo jẹ́ ìlọ́po ogún ìyẹn. Ohun tí ọkùnrin yìí ní kí ìyá àgbà máa gbé mì láràárọ̀ nìyẹn, tó wá kọ 5,000 sára ike!

Mo gbé ìgò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ bá apòògùn kan ní Adó. Àǹtí náà ò tíì ṣí ike A tán tó fi bú sí hàà. Ti D, kò sí ìwọ̀n kankan lára rẹ̀, wọ́n kàn kọ "mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà" síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ 600 IU ló tó àgbàlagbà lóòjọ́, 800 fún ẹni tó ti kọjá ọdún 70, 4,000 sì ni òpin fún ẹni tí dókítà ò kọ ọ́ fún. D tó pọ̀ jù máa ń jẹ́ kí kálísíọ̀mù pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, òun ló ń fa òùngbẹ, inú dídí àti ìtọ̀ lemọ́lemọ́, ó sì lè ba kíndìnrín jẹ́. Ti E jọ ojúlówó, àmọ́ wọ́n ti ha déètì ara páálí rẹ̀ kúrò. Ti K, àǹtí yìí ní òun ò ní fi ẹnu òun sọ ohun tó wà níbẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò ní ilé àyẹ̀wò.

Èyí tó dà mí láàmú jù kọ́ ni ti màámi. Bàbá kan wà ládùúgbò wa, tíṣà tó ti fẹ̀yìntì ni, warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ni wọ́n ń lò nítorí ẹ̀jẹ̀ tó ń dì sí wọn lẹ́sẹ̀. Ọkùnrin yìí ta E àti K fún wọn pa pọ̀. Warfarin ń ṣiṣẹ́ nípa dídí K lọ́wọ́. Ẹni tó bá wá ń gbé K mì lórí rẹ̀, ńṣe ló ń tú ohun tí dókítà so, ẹ̀jẹ̀ lè padà dì. E púpọ̀ ní tiẹ̀ sì lè jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ máa ya lọ láìdúró. Ẹni tó ń lo warfarin, ẹ̀fọ́ ọbẹ̀ pàápàá, wọ́n á ní kó máa jẹ ẹ́ ní ìwọ̀n kan náà, kó má jẹ ẹ́ púpọ̀ lónìí kó wá fi í sílẹ̀ pátápátá lọ́la. Ọpẹ́ ni pé ọmọ wọn tètè gba ìgò méjèèjì lọ́wọ́ wọn.

Ẹ̀yin aboyún àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń retí oyún, ti yín tún le jù. A tó pọ̀ jù láti inú kápúsù lè sọ ọmọ di aláàbọ̀ ara nínú ikùn. Ọkùnrin yìí ò bi ẹnikẹ́ni bóyá ó lóyún. Owó ló ń bi wọ́n.

Ti ojú tó dá gbogbo èyí sílẹ̀ ńkọ́? A gbé màámi lọ sí ọsibítù, kàtàráàtì ni wọ́n rí, ìyẹn dígí inú ẹyinjú tó di funfun. Kò sí kápúsù tó ń wò ó, iṣẹ́ abẹ ni wọ́n ń ṣe fún un. Àìtó fítámínì A ní irú ojú tó máa ń fà: ẹni tó bá ń ríran lọ́sàn-án àmọ́ tí kì í ríran tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, ó yẹ kí wọ́n yẹ onítọ̀hún wò nítorí ẹ̀. Ojú àgbàlagbà tó kàn ń ṣú díẹ̀díẹ̀ kì í sábà jẹ́ ti fítámínì rárá.

Ní tèmi, mo rò pé ọ̀pọ̀ wa ní Èkìtì ò tiẹ̀ nílò ìgò A kankan. Epo pupa tí a fi ń se ẹ̀fọ́ ti ní ohun tí ara ń sọ di A, ìwọ̀n tí ara bá sì fẹ́ nìkan ló máa yí padà, kì í ṣe bíi ti kápúsù. (Ẹ̀yin oníayamáṣe, epo tẹ́ ẹ dín títí tí àwọ̀ rẹ̀ fi lọ, A inú rẹ̀ ti bá a lọ, ẹ má tan ara yín.) Ṣọkọ, tẹ̀tẹ̀ àti ewúro ní K dáadáa. Ẹ̀pà ní E. Oòrùn àti ẹja Títọ́ọ̀sì ń fún wa ní D. Epo inú ọbẹ̀ náà ló sì ń jẹ́ kí ara lè gba mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹni tó jẹ iyán pẹ̀lú ẹ̀fọ́ rírò àti ẹja, kí ló tún kù tó fẹ́ fi ₦4,000 rà? Ẹ̀dọ̀ màlúù ní tirẹ̀ kún fún A débi pé ègé kan lè ju ohun tí ara nílò lóòjọ́ lọ fíìfíì. Ẹ tún wo ara páálí ṣúgà, ìyẹ̀fun àti òróró, ẹ máa rí àwòrán ojú kékeré níbẹ̀. A ni wọ́n fi sí i, láti 2002 ló ti di dandan ní Nàìjíríà.

Tí dókítà bá ní kẹ́ ẹ lò ó, ilé oògùn tó ní apòògùn ni kẹ́ ẹ ti rà á, kẹ́ ẹ sì da gbogbo ìgò tó wà nílé sórí tábìlì, kẹ́ ẹ ro A inú wọn pọ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ kì í ṣe nìyí. Ṣíbí tíì kan òróró ẹ̀dọ̀ ẹja kọ́ọ̀dù lè ní A tó 4,500 IU nínú. Tí ẹ bá fi oògùn ojú àti oògùn tó ní oríṣiríṣi fítámínì nínú lé e, ẹ ti lè kọjá 10,000 láìfura. Tí wọ́n bá kọ retinyl palmitate tàbí retinyl acetate síbẹ̀, èyí tí wọ́n ti ṣe parí nìyẹn, òun ni kẹ́ ẹ kà. Beta-carotene, irú èyí tó wà nínú epo pupa, yàtọ̀ sí i.

Mo pe ọkùnrin náà. Ó ní ilẹ̀ òkèèrè ni kápúsù òun ti wá, pé orí tó ń fọ́ màámi, ọwọ́ ayé ni. Nígbà tí mo ní kó ṣàlàyé ọrùn orí kápúsù, ó pa fóònù, ó sì dí nọ́ńbà mi. Màámi ti jáwọ́ ńbẹ̀, orí fífọ́ ti lọ, ètè ti ń padà bọ̀ sípò, àmọ́ dókítà ṣì ní kí wọ́n máa wá fún àyẹ̀wò ẹ̀dọ̀.

Wọ́n ní ó ti pààrọ̀ ike báyìí, dúdú ló ń lò, ó sì ti ń kọjá sí ọ̀nà Ìfàkì àti Ọ̀yẹ́. Ike ló pààrọ̀, ẹ tú u sọ́wọ́ kẹ́ ẹ wo ọrùn.

Ẹni tó bá ti rà á, kó má jù ú sórí ààtàn tí ọmọ lè ti ṣà á. Kó má sì rò pé nígbà tó ti jẹ́ ti ọmọdé, òun lè máa fún ọmọ ilé lò. Ọmọ tó ti gba tirẹ̀ ní ilé ìlera ò gbọdọ̀ gba òmíràn kó tó pé àsìkò. Ẹ gbé ìgò náà bó ṣe wà lọ sí ọ́fíìsì NAFDAC tó wà ní Adó, pẹ̀lú ẹ̀rí owó tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ àti ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ jọ sọ lórí WhatsApp. Ẹ má pa á rẹ́. Èmi ti gbé ti màámi lọ, ìgò kan ṣoṣo ò sì ní tó wọn láti mú un.