Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nínú omi Avène: bí ó ṣe rí lára mi

Kí n tó kúrò ní Lọ́ńdọ̀nù ní oṣù kẹfà, nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú awọ ara mi fún mi ní ìwé oníbéèrè mẹ́wàá tí wọ́n ń pè ní DLQI, èyí tí àwọn onímọ̀ méjì ní Cardiff gbé jáde ní 1994. Ìwé náà kì í béèrè bí egbò ṣe fẹ̀ tó. Ohun tó ń béèrè ni pé láàárín ọ̀sẹ̀ kan tó kọjá, ṣé ara ń yún ọ, ṣé ojú ń tì ọ́, ṣé awọ ara rẹ ló ń yan aṣọ tí o ń wọ̀. Máàkì 30 ló ga jù, bó bá sì ti kọjá 10, a jẹ́ pé àìsàn náà ti ń ni ẹni lára gan-an. Èmi tí ẹ́kísímà, àìsàn tó ń mú kí awọ ara máa yún kó sì máa bó, ti ń bá jà láti kékeré gba 19.

Abúlé kékeré ni Avène, ní àfonífojì odò Orb ní gúúsù ilẹ̀ Faransé, ilé ìwẹ̀ sì ti wà níbẹ̀ láti 1743. Omi ìsun náà kò gbóná bí mo ṣe rò. Nǹkan bí 25 ni ìwọ̀n ooru rẹ̀ lórí òṣùwọ̀n Celsius, nítorí náà wọ́n máa ń mú un lọ́ wọ́ọ́rọ́ kí wọ́n tó dà á sínú ọpọ́n ìwẹ̀. Omi tí mo fi ń wẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù máa ń fi ẹfun sílẹ̀ ní ìdí kẹ́tùlù mi, àmọ́ èròjà ilẹ̀ tó wà nínú ti Avène kò tó nǹkan.

Àárọ̀ mẹ́fà lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ìtọ́jú náà, lẹ́yìn tí dókítà bá ti yẹ èèyàn wò. Bí mo bá jáde nínú omi, obìnrin tó ń nù mí kì í fi aṣọ ìnura ra mí lára. Ńṣe ló ń fi tẹ̀ mí díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń nu ọmọ tuntun, á sì fi ìpara pa mí kí ara tó gbẹ tán. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń ṣe èyí lódìlódì.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ kò dùn rárá. Ẹ̀yìn orúnkún mi bó, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ di ẹrù mi. Dókítà ní ó máa ń rí bẹ́ẹ̀, ó sì kìlọ̀ pé n kò gbọ́dọ̀ dá òògùn steroid mi dúró. Òru ọjọ́ kọkànlá ni mo tó sùn mọ́jú. Nígbà tí mo jí, mo wo aṣọ ibùsùn funfun tí mo sùn lé, n kò rí ẹ̀jẹ̀ kankan lára rẹ̀. Nílé, aṣọ dúdú nìkan ni mo ń tẹ́ sórí bẹ́ẹ̀dì nítorí èékánná mi.

Nínú yàrá tí a ti ń dúró de ìtọ́jú, tọmọdé tàgbà ló jókòó pẹ̀lú awọ bíbó, ẹnikẹ́ni kò sì sá fún ẹnì kejì bí ẹni tó ní kúrùnà. Mo gbà pé ìyẹn náà wà lára oògùn, pẹ̀lú ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí n kò fi ronú iṣẹ́.

Ẹ̀yin aláwọ̀ dúdú, ẹ má retí pé àpá dúdú yóò pòórá. Ẹ́kísímà kì í sábà pọ́n lára wa, ó lè dúdú tàbí kó ṣe bí eérú, dókítà kan ní Lọ́ńdọ̀nù sì ti torí ìyẹn sọ fún mi rí pé tèmi kò le. Ní ti owó, ètò ìlera ilẹ̀ Faransé máa ń san èyí tó pọ̀ nínú owó ìtọ́jú fún àwọn ará ibẹ̀ tó bá ní ìwé dókítà. Àpò ara mi ni mo fi san tèmi, ó sì dùn mí.

Ìyá mi sọ pé omi ìsun Ìkògòsì wà ní Èkìtì, kí ni mo ń wá lọ sí Faransé. Mo ti wẹ̀ níbẹ̀, mo sì fẹ́ràn ibi tí omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ àti omi tútù ti pàdé, àmọ́ àwọn tó mọ ìtọ́jú awọ ara ni mo bá lọ sí Avène.

Ọ̀sẹ̀ tí mo padà dé, mo gba 6 nínú ìwé náà. Ní oṣù kẹwàá tí a tan ẹ̀rọ amúlégbóná, ó ti di 11. Mo ra aṣọ ibùsùn funfun méjì. Ọ̀kan ti ní àbàwọ́n.