Àyẹ̀wò tairọ́ìdì fún onílàkúrègbé: iṣẹ́ ilé àyẹ̀wò kan ní Kabba

Ẹni tí rheumatoid arthritis ń dà láàmú nílẹ̀ Okun lè yẹ tairọ́ìdì rẹ̀, ẹ̀yà ara kékeré tó wà níwájú ọ̀fun, wò láìdé Ìlọrin báyìí. Ilé àyẹ̀wò kan ní Kabba ń gba ẹ̀jẹ̀, wọ́n á sì bá a fi ránṣẹ́ síbẹ̀. Ó yẹ ká lò ó, torí ẹni tó ní irú làkúrègbé yìí tètè máa ń ní àìsàn tairọ́ìdì ju ẹlòmíràn lọ. Ọmọ ogun ara tó yẹ kó máa lé àrùn ló yíjú padà bá onílé jà, ní oríkèé àti ní ọ̀fun.

Àárẹ̀, ara ríro, ọwọ́ tó ń kú tipiri: làkúrègbé nìkan làwọn èèyàn ń dì í rù, wọ́n á máa fi oògùn ìrora lé oògùn ìrora. Ìka tó le gbagidi láàárọ̀ fún wákàtí kan, tí èèyàn ò fi lè so ìró, ti oríkèé nìyẹn. Ṣùgbọ́n tí òtútù bá ń mú yín nígbà tí ooru ń mú ará ilé, tí ìgbẹ́ ń gbẹ, tí ẹ ń sanra láìjẹun púpọ̀, ẹ lọ yẹ tairọ́ìdì wò. Ẹ má dúró de gẹ̀gẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ló ń yọ.

Ọwọ́ ilé àyẹ̀wò náà dára. Ìgò kékeré olómorí yẹ́lò, 5 ml, ni wọ́n fi gba ẹ̀jẹ̀. Lójú aláìsàn ni wọ́n ti kọ orúkọ àti aago sí i. Wọ́n fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 30 kó dì, wọ́n fi ẹ̀rọ yí i, omi rẹ̀ tó mọ́ nìkan ló wọ kúlà oníyìnyín. Ẹ̀jẹ̀ tí wọn ò yí, tí mọ́tò bá gbọ̀n ọ́n lójú kòtò ọ̀nà Ìsánlú, á bàjẹ́ kó tó débẹ̀.

Wọ́n kùnà níbi kan, ó sì dùn wá: wọn kì í béèrè oògùn tí èèyàn ń lò. Biotin, fítámì irun àti èékánná, lè mú kí TSH, ohun tí ọpọlọ fi ń pàṣẹ fún tairọ́ìdì, kéré lórí ìwé lásán. Ẹ dá a dúró ó kéré tán ọjọ́ 2 ṣáájú. Prednisolone, oògùn tó ń mú oríkèé wíwú rọlẹ̀, tó bá pọ̀ náà ń fà á wálẹ̀, àmọ́ ẹ má dá ìyẹn dúró fúnra yín, ẹ sọ fún dókítà ni.

TSH nìkan ni wọ́n máa kọ tí ẹ ò bá sọ̀rọ̀. Ẹ ní kí wọ́n fi FT4 (èròjà tí tairọ́ìdì fúnra rẹ̀ ń ṣe) àti anti-TPO (àmì ọmọ ogun ara tó ń bá tairọ́ìdì jà) kún un. TSH ni pàṣán tí ọpọlọ fi ń na tairọ́ìdì: tó bá ju bíi 4.0 mIU/L lọ, tairọ́ìdì ló ń lọ́ra. Ọ̀pọ̀ ló ń kà á sódì.

Tí dókítà bá kọ levothyroxine, oògùn tó ń dípò èròjà tí tairọ́ìdì ò ṣe tó, omi lásán ni kẹ́ ẹ fi lò ó, ìṣẹ́jú 30 sí 60 ṣáájú ẹ̀kọ. Kálísíọ̀mù àti oògùn ẹ̀jẹ̀ onírin gbọ́dọ̀ fi wákàtí 4 jìnnà sí i. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 6 sí 8, ẹ padà lọ yẹ TSH wò; ilé àyẹ̀wò náà kì í pe èèyàn, ẹ kọ ọjọ́ náà sára kàlẹ́ńdà.