Siem Reap àbí Luang Prabang: Ọjọ́ Mẹ́rin Pẹ̀lú Atọ́nà, Èwo Ló Tó Owó Rẹ̀?

Ẹni tó bá ní ọjọ́ mẹ́rin péré láti wo tẹ́ḿpìlì, igbó àti abúlé ní Gúúsù Ìlà-Oòrùn Éṣíà, ibi méjì ni àwọn tó ń ta ìrìn-àjò sábà máa ń darí rẹ̀ sí: Siem Reap ní Kàmbódíà tàbí Luang Prabang ní Láòsì. Ìwé ìpolówó wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra. Tẹ́ḿpìlì lọ́jọ́ kìíní, omi lọ́jọ́ kejì, abúlé lọ́jọ́ kẹta, ọjà alẹ́, ó parí. Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ síra ni bí owó ṣe ń jáde lápò: ọ̀kan ń gbà á lẹ́ẹ̀kan náà, èkejì ń gbà á ní gbogbo ìyànà. Pé tẹ́ḿpìlì Angkor Wat tóbi, pé odò Mekong fẹ̀, gbogbo wa la mọ̀; a ò ní fi ìyẹn ṣòfò.

Owó tí kò sí nínú iye tí wọ́n pè

Ìsàlẹ̀ ìwé ìpolówó, níbi tí lẹ́tà ti kéré jù, ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Fún Siem Reap, ibẹ̀ ni ẹ ti sábà máa rí i pé tíkẹ́ẹ̀tì Angkor, ọgbà àwọn tẹ́ḿpìlì àtijọ́ tí Angkor Wat wà nínú rẹ̀, kò sí lára iye tí wọ́n pè. Tíkẹ́ẹ̀tì yẹn kì í sì í ṣe owó ṣéńjì: dọ́là 37 fún ọjọ́ kan, 62 fún ọjọ́ mẹ́ta, 72 fún ọjọ́ méje. Láti 2017 ni wọ́n ti gbé e sókè débẹ̀. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 12 kì í san, bó bá ti lè fi páásípọ́ọ̀tù rẹ̀ hàn. Fọ́tò ẹni ló wà lára rẹ̀, torí náà ẹ má ra èyí tó ṣẹ́ kù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Kò pọn dandan kí ọjọ́ mẹ́ta inú tíkẹ́ẹ̀tì 62 tẹ̀ léra. Ọjọ́ mẹ́wàá ni wọ́n fún yín láti lò ó tán. Ẹ rántí èyí nígbà tí ẹ́jẹ́ǹtì bá to ètò tó fi tẹ́ḿpìlì sí ọjọ́ kìíní àti ọjọ́ kẹta, tó wá ní kí ẹ ra ti ọjọ́ kan lẹ́ẹ̀mejì. Dọ́là 74 nìyẹn, ẹ sì tún pàdánù ọjọ́ kan. Ilé tí wọ́n ti ń tà á kò sí lẹ́nu géètì Angkor Wat, ọ̀nà ọ̀tọ̀ ló wà. Ẹni tó bá dé géètì láago márùn-ún àárọ̀ láìní i lọ́wọ́, wọ́n á dá a padà, oòrùn ò sì ní dúró dè é. Ẹ rà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ Angkor Enterprise, ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń tà á, fúnra wọn, tàbí kí ẹ rà á nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, bí aago márùn-ún ṣe ń lù. Èyí tí ẹ bá rà nígbà yẹn á jẹ́ kí ẹ wọlé wo oòrùn tó ń wọ̀ lọ́jọ́ náà láìkà á mọ́ ọjọ́ yín.

A ò tíì parí. Òkè Kulen, níbi tí ọ̀ṣọ̀rọ̀ omi wà, ní tíkẹ́ẹ̀tì tirẹ̀, dọ́là 20. Tẹ́ḿpìlì Koh Ker, 15. Ọkọ̀ ojú omi ní Kampong Phluk, abúlé orí omi, ọ̀tọ̀. Ọkọ̀ kékeré tí àwọn obìnrin abúlé náà ń fi àjẹ̀ wà láàárín igi tó rì sínú omi, òun náà ọ̀tọ̀, bẹ́ẹ̀ wọn kì í sọ fún yín títí ẹ ó fi débẹ̀. Tẹ́ḿpìlì Beng Mealea nìkan ni wọ́n ti kó mọ́ tíkẹ́ẹ̀tì Angkor. Ẹni tó bá ṣì ń béèrè dọ́là 5 ayé àtijọ́ fún un, àpò ara rẹ̀ ló ń gbà á sí. Ẹ wá ṣírò rẹ̀. Bí wọ́n bá pe ìrìn-àjò ní dọ́là 150 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, fi 62 àti 20 kún un, ó di 232 kí ẹ tó fẹsẹ̀ kan ọkọ̀ ojú omi. Tọkọtaya kan á ti san 164 lórí tíkẹ́ẹ̀tì nìkan.

Ohun kejì tó ń dun ni ni pé awakọ̀ kì í ṣe atọ́nà. Atọ́nà tó ní ìwé àṣẹ ìjọba nìkan ló lè bá yín wọnú tẹ́ḿpìlì Angkor láti ṣàlàyé, ó sì ní aṣọ iṣẹ́ tí ẹ ó fi dá a mọ̀. Ẹni tó wa tuk-tuk yín, bó ti wù kí òyìnbó dá lẹ́nu rẹ̀ tó, ìdí kẹ̀kẹ́ ló máa dúró sí. Torí náà, “ìrìn-àjò pẹ̀lú awakọ̀ tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì” túmọ̀ sí pé ẹ̀yin nìkan ni ẹ ó máa wo ara ògiri, tí ẹ ò ní mọ ẹni tí wọ́n gbẹ́ síbẹ̀.

Ní Chong Kneas, èyí tó sún mọ́ ìlú jù nínú àwọn abúlé orí omi, ọkọ̀ lè yà sí ṣọ́ọ̀bù kan kí ẹ ra àpò ìrẹsì fún àwọn ọmọ ilé-ìwé, ní iye tó ju ti ọjà lọ fíìfíì. Àwọn arìnrìn-àjò ti kígbe èyí tipẹ́. Ẹ ní kí wọ́n wa ọkọ̀ lọ. Ẹ tún kó dọ́là tó mọ́ dání, torí owó tó ya létí tàbí tí wọ́n kọ nǹkan sí, wọn ò ní gbà á. Riel, owó Kàmbódíà, ni wọ́n fi ń fúnni ní ṣéńjì, bíi 4,000 sí dọ́là kan.

Ní Luang Prabang, ọ̀rọ̀ yìí kò gùn. Tẹ́ḿpìlì Wat Xieng Thong, òkè Phousi, ọ̀ṣọ̀rọ̀ omi Kuang Si: owó ìwọlé èyíkéyìí nínú wọn kì í tó dọ́là 5. Kip, owó Láòsì, ni wọ́n ń gbà, dọ́là kan sì lé ní 20,000 kip, ẹ má jẹ́ kí òdo tó tò lọ bẹẹrẹ dẹ́rù bà yín. Bí ẹ́jẹ́ǹtì bá “gbàgbé” láti kó gbogbo rẹ̀ mọ́ iye tó pè, ohun tí ẹ máa pàdánù kò ju owó oúnjẹ ọ̀sán méjì lọ.

Àkókò ni wọ́n fi ń rẹ́ni jẹ níbẹ̀. Ètò tó gbajúmọ̀ jù ni èyí tó so ihò àpáta Pak Ou àti Kuang Si pọ̀ lọ́jọ́ kan. Kìlómítà 25 ni Pak Ou, ọkọ̀ ń wọ́ lọ lòdì sí omi Mekong fún bíi wákàtí méjì. Ó á tún yà ní abúlé Ban Xang Hai kí ẹ tọ́ ọtí ìrẹsì wò, kó tó padà. Ìlú ni ẹ ti máa wá bọ́ sínú ọkọ̀ ilẹ̀ lọ sí Kuang Si, tó wà ní apá kejì, nǹkan bíi kìlómítà 29. Ẹ ó débẹ̀ lọ́sàn-án pọ́nńbélé, nígbà tí gbogbo ọkọ̀ ìlú ti já èrò síbẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n yà wọ́n sọ́tọ̀: Kuang Si láàárọ̀, kí ẹ dé géètì bí wọ́n bá ti ń ṣí i láago mẹ́jọ. Bí nǹkan kan bá gbọ́dọ̀ kúrò nínú ètò, kí ó jẹ́ Pak Ou.

Tẹ́ḿpìlì

Siem Reap ló borí níbí, kò sí àríyànjiyàn. Banteay Srei, tí wọ́n yà sí mímọ́ ní 967, ní iṣẹ́ ọnà òkúta tó tẹ́ẹ́rẹ́ débi pé ẹ lè wo ògiri kan fún ìdajì wákàtí. Ta Prohm, tí Ọba Jayavarman Keje dá sílẹ̀ ní 1186, ni ibi tí gbòǹgbò igi ti di òkúta mú. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe tò ó ló ṣe pàtàkì. Angkor Wat kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, ẹ̀yìn rẹ̀ ni oòrùn ti ń yọ, ẹ̀bá adágún apá òsì sì ni gbogbo èrò ń pé jọ sí. Bí oòrùn bá ti yọ tán, ọ̀pọ̀ wọn á lọ jẹun. Ìgbà yẹn gan-an ni kí atọ́nà mú yín wọlé. Ẹni tó bá ní kí ẹ kọ́kọ́ padà sí hòtẹ́ẹ̀lì fún oúnjẹ àárọ̀, kò mọ iṣẹ́. Láti gun Bakan, òkè pátápátá, aṣọ gbọ́dọ̀ bo èjìká àti orúnkún. Ìborùn tí ẹ dà lé èjìká kò tó, aṣọ tó lápá ni kí ẹ wọ̀, ẹ sì ṣí fìlà. Wọn kì í ṣí i lọ́jọ́ mímọ́ àwọn ẹlẹ́sìn Búdà.

Luang Prabang kò ní òkúta ńlá. Igi, wúrà àti gíláàsì ló ní. Wat Xieng Thong, tí Ọba Setthathirath kọ́ ní nǹkan bíi 1560, kò ju ohun tí ẹ lè rìn yíká ní ìṣẹ́jú mélòó kan lọ. Àmọ́ àwọn mọ́ńkì, ìyẹn àwọn àlùfáà ẹlẹ́sìn Búdà, ń gbé nínú àwọn tẹ́ḿpìlì yìí, wọ́n ń gbálẹ̀ wọn, wọ́n ń lu ìlù nírọ̀lẹ́. Ẹsẹ̀ ni ẹ ó fi rin gbogbo rẹ̀ tán, láìsanwó ọkọ̀. Ní ìdájí ni wọ́n ń tò jáde gba ìrẹsì lọ́wọ́ àwọn ará ìlú. Ẹ dúró ní òdìkejì títì, ẹ má tan iná kámẹ́rà, ẹ má sì ra ìrẹsì lọ́wọ́ àwọn tó ń kiri fún àlejò lójú ọ̀nà. Bí ẹ bá fẹ́ fún wọn, kí ilé tí ẹ wọ̀ sí bá yín sè é. Ètò tó bá ta “ìrẹsì mọ́ńkì” mọ́ yín lọ́wọ́ ti fi irú ẹni tó jẹ́ hàn.

(Henri Mouhot, ará Faransé tí ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ mú kí àwọn ará Yúróòpù máa wọ́ lọ sí Angkor, ẹ̀bá odò Nam Khan nítòsí Luang Prabang ló kú sí ní 1861. Sàréè rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀.)

Omi àti igbó

Kulen jìn tó bíi kìlómítà 50. Àárọ̀ nìkan ni ọkọ̀ ń gòkè, ọ̀sán ni wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀, torí ọ̀nà náà há. Ẹ má lọ lópin ọ̀sẹ̀. Kuang Si rẹwà jù ú lọ: ẹfun inú òkúta ló sọ omi rẹ̀ di àwọ̀ ojú ọ̀run, àwọn béárì tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn apẹran sì wà lẹ́nu ọ̀nà. Ní oṣù kẹjọ àti ìkẹsàn-án, òjò á sọ ọ́ di omi ẹrẹ̀.

Abúlé

Kampong Phluk wà lórí òpó gíga nítorí Tonle Sap, adágún tó ń ga láti bíi mítà kan sí mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án nígbà tí Mekong bá kún, tó sì ti omi padà sínú rẹ̀. Láàárín oṣù kẹsàn-án sí oṣù kìíní ni kí ẹ sanwó ọkọ̀ ojú omi. Bó bá di oṣù kẹta, ẹrẹ̀ ni òpó wọ̀nyí dúró lé, igbó inú omi sì ti gbẹ. Preah Dak, lójú ọ̀nà Banteay Srei, ni kí ẹ fi rọ́pò rẹ̀: num banh chok (núdù ìrẹsì) láàárọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n fi omi ọ̀pẹ sè lójú yín.

Ní Luang Prabang, abúlé Ban Xang Khong ń hun aṣọ, ó sì ń fi èèpo igi ṣe bébà. Ban Chan ń mọ ìkòkò. Ban Phanom ni àwọn ahunṣọ ẹ̀yà Tai Lue wà. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, afárá ọparun á mú yín sọdá Nam Khan, ẹ ó sì fẹsẹ̀ rìn dé àkọ́kọ́. Ọ̀dọ̀ ahunṣọ lówó yín ń lọ tààrà, kò sí ẹni tó ń gba kọmíṣàn láàárín.

Ìgbà, ọ̀nà àti ìwé

Àbùkù Luang Prabang tó wúwo jù ni èéfín. Láti oṣù kẹta dé oṣù kẹrin, wọ́n ń sun oko, ojú ọ̀run á ṣú, ẹ̀yin tí ikọ́ ń yọ lẹ́nu ẹ má sún mọ́ ọn. Lóṣù kẹrin kan náà, ooru Siem Reap le gan-an, ṣùgbọ́n ẹ ṣì lè rí òkè.

Pápákọ̀ òfúrufú tuntun ti Siem Reap, tí wọ́n ṣí ní 2023, fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí kan sí ìlú. Ẹ béèrè bóyá ọkọ̀ tó máa gbé yín wà nínú owó náà. Ti Luang Prabang kò ju kìlómítà mẹ́rin lọ.

Ẹni tó bá ń ti Nàìjíríà lọ, kó mú yẹ́lò káàdì dání. Kí ó gba físà kó tó sanwó fún ohunkóhun, kó má gbára lé pé wọ́n máa ń fún èèyàn ní pápákọ̀. Bí ẹ bá máa gba Bangkok kọjá, ẹ yẹ ọ̀rọ̀ físà Táílándì wò pẹ̀lú.

Ta ló yẹ fún?

Méjèèjì dára. Bó bá jẹ́ pé òkúta gbígbẹ́ àti ìtàn àwọn ọba Khmer, ẹ̀yà tó kọ́ Angkor, ló ń fà yín, tí ẹ lè fi bíi dọ́là 100 sílẹ̀ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lórí iye tí wọ́n pè, Siem Reap ni. Bó bá jẹ́ ìrìn-àjò ọjọ́ mẹ́rin tí òbí àgbà tàbí ọmọ kékeré wà nínú rẹ̀, tí ẹ ò fẹ́ jí láago mẹ́rin lójoojúmọ́, tí ẹ sì fẹ́ kí iye tí ẹ san nílé ṣì jẹ́ iye tí ẹ san nígbà tí ẹ bá padà dé, ẹ lọ sí Luang Prabang láàárín oṣù kọkànlá sí oṣù kìíní.

Èyíkéyìí tí ẹ bá mú, ẹ fi ìbéèrè mẹ́rin ránṣẹ́ kí ẹ tó san kọ́bọ̀: tíkẹ́ẹ̀tì wo ló wà nínú owó yìí, ní orúkọ àti iye? Ṣé atọ́nà ní ìwé àṣẹ, àbí awakọ̀ ni? Ibi ìtajà mélòó ni ọkọ̀ máa yà sí? Aago mélòó la máa dé ibi kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe aago tí a máa kúrò ní hòtẹ́ẹ̀lì? Bí wọ́n bá dáhùn mẹ́ta tí wọ́n fo ti tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ wá ẹlòmíì.