Ìgò abẹ́rẹ́: irú kìíní, irú kejì àbí irú kẹta?

Ẹ to ìgò oògùn abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi irú gíláàsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe sórí tábìlì, ojú lásán ò ní mọ èyí tó jẹ́ irú kìíní. Gbogbo wọn ló mọ́ gaara. Owó wọn ló yàtọ̀, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ olùrà ti ń bẹ̀rẹ̀. Oògùn tó máa wọnú ìgò ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Irú kìíní ni borosilicate, gíláàsì tí Otto Schott ará Jámánì ṣe ní ìlú Jena ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Omi kì í tètè fa nǹkan jáde lára rẹ̀, ooru òjijì kì í sì í tètè là á. Òun ló wọ́n jù. Fún abẹ́rẹ́ olómi tí pH rẹ̀ (ìwọ̀n bó ṣe kan tó; tó bá ju 7 lọ, kò kan) bá ju 7 lọ, ẹ má wulẹ̀ wo òmíràn.

Irú kejì kò ju gíláàsì tí wọ́n fi ń ṣe ìgò ọtí lọ, àmọ́ wọ́n ti fi imí-ọjọ́ wẹ inú rẹ̀ kí èròjà sodium tó wà lójú rẹ̀ lè kúrò. Abẹ́rẹ́ olómi tó kan díẹ̀, tàbí tí pH rẹ̀ ò ju 7 lọ, lè wà nínú rẹ̀. Ojú inú nìkan ni wọ́n wẹ̀ o: ẹni tó bá ní òun máa fọ̀ ọ́ tún lò ti fọ ohun tó sanwó fún dànù.

Irú kẹta ò rí ìwẹ̀ kankan. Oògùn olóròóró àti ìyẹ̀fun gbígbẹ tí wọ́n ń po kété kí wọ́n tó gún un ló wà fún. Ìyẹ̀fun tí wọ́n fi òtútù gbẹ omi rẹ̀ kò sí lára ìyẹn.

Bí ẹ bá ti mú irú kìíní, ọ̀rọ̀ ṣì kù. Ẹ gbé ìgò méjì sókè síbi ìmọ́lẹ̀. Èyí tí ara rẹ̀ fẹ́lẹ́ tó sì dọ́gba yíká, láti ara páìpù gíláàsì ni wọ́n ti ṣe é. Èyí tó nípọn, tó wúwo lọ́wọ́, tó sì ní ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, inú mọ́ọ̀dù ni wọ́n dà á sí. Ti páìpù fúyẹ́, ó sì rọrùn láti rí ìdọ̀tí inú oògùn nínú rẹ̀. Ti mọ́ọ̀dù le, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ fún ìwọ̀n ńlá bíi 100 ml.

Àbùkù ti páìpù ni pé wọ́n tún fi iná yọ́ ọ kó tó ní ìdí àti ọrùn. Tí iná bá pọ̀ jù, èròjà boron àti sodium inú gíláàsì á gbéra, wọ́n á lọ lẹ̀ mọ́ ògiri inú nítòsí ìdí. Oògùn tó ní iyọ̀ phosphate tàbí citrate á wá máa jẹ ibẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí gíláàsì á fi máa bó bí èépá. Lọ́dún 2010, ilé-iṣẹ́ oògùn Amgen ní láti kó àwọn ìgò Epogen àti Procrit kan, abẹ́rẹ́ fún àìtó ẹ̀jẹ̀, kúrò lọ́jà ní Amẹ́ríkà nítorí irú èépá gíláàsì bẹ́ẹ̀, tí ojú fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè rí. Nítorí náà, ìwé pé “irú kìíní ni” nìkan kò tó. Ẹ rọ oògùn tiyín sínú ìgò tí wọ́n fi ṣe àpẹẹrẹ, ẹ tọ́jú rẹ̀ pẹ́, kí yàrá àyẹ̀wò yẹ ojú inú rẹ̀ wò.

Ìgò aláwọ̀ búráwùn? Tí oògùn bá ń bẹ̀rù ìmọ́lẹ̀ nìkan. Irin wà lára àwọ̀ yẹn, ó lè ba oògùn kan jẹ́, kì í sì í jẹ́ kí a rí inú ìgò dáadáa.

Lọ́wọ́ ontajà, ẹ béèrè èsì àyẹ̀wò fún ọ̀wọ́ ìgò tí ẹ fẹ́ rà gan-an, ní ìlànà USP 660 (USP ni ìwé ìlànà oògùn Amẹ́ríkà) tàbí ti Yúróòpù, 3.2.1. Àyẹ̀wò tí wọ́n fi gíláàsì lílọ̀ ṣe ló ń ya irú kìíní sọ́tọ̀. Èyí tí wọ́n fi odindi ìgò ṣe ló ń ya irú kejì kúrò lára ìkẹta. Kí ẹ tó san owó tó kù, ẹ fi rọ́bà àti ìdérí alumíníọ́mù yín dé díẹ̀ nínú wọn: ẹnu ìgò kékeré tí wọ́n ń pè ní 2R jẹ́ 13 mm, ti 10R tó tóbi jù ú lọ jẹ́ 20 mm.