Highlander 2008 sí 2013: Ẹ́ńjìnnì V6 Rẹ̀ Lágbára, Àmọ́ Ẹ Wo Páìpù Ọ́ílì Rẹ̀ Kí Ẹ Tó Sanwó

Ẹ́ńjìnnì V6 tó wà nínú Toyota Highlander ọdún 2008 sí 2013, èyí tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ 2GR-FE, kì í tètè kú. Lítà 3.5 ni, agbára ẹṣin 270 ló ní, ṣéènì ló sì ń yí táìmíǹ rẹ̀, kì í ṣe bẹ́líìtì téèyàn gbọ́dọ̀ máa pààrọ̀ bíi ti V6 tó wà nínú Highlander ìṣáájú. Á kó èèyàn méje pẹ̀lú ẹrù wọn, á sì gun òkè láì mí hẹlẹ. Abájọ tó fi kún títì Èkó àti Ìbàdàn. Àmọ́ tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà ló pọ̀ jù nínú èyí tó ń tẹ̀ wá lọ́wọ́, ó sì ti rìn jìnnà kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi. Nínú gbogbo ohun tí àwọn tó ń lò ó ń ráhùn lé lórí, ọ́ílì àti omi tó ń jò ló pọ̀ jù. Ibẹ̀ ni kí ojú yín wà.

Èyí tó burú jù ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Páìpù ọ́ílì kan wà lẹ́yìn òde ara ẹ́ńjìnnì náà, tó ń gbé ọ́ílì lọ sídìí VVT-i, ìyẹn ẹ̀yà tó ń sún àsìkò tí fáàfù ń ṣí síwájú tàbí sẹ́yìn. Lára àwọn tó kọ́kọ́ jáde, orí àti ìdí páìpù yìí jẹ́ irin, ṣùgbọ́n rọ́bà ni àárín rẹ̀. Ooru ẹ́ńjìnnì á yan rọ́bà náà títí á fi gan, á sán, lọ́jọ́ kan á sì bẹ́. Pọ́ǹpù ló ń ti ọ́ílì gba inú rẹ̀, nítorí náà kì í rọra kán: ó ń tú jáde ni, kò sì ní pẹ́ tí ẹ́ńjìnnì á fi gbẹ. Nígbà tí iná pupa ọ́ílì bá fi máa tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, ọ̀rọ̀ ti le. Ẹni tó bá sọ pé kí òun ṣáà dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì ti fi ẹ́ńjìnnì ṣòfò nìyẹn. Ibi tí iná yẹn bá ká yín mọ́, kódà kó jẹ́ orí afárá, ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹ pa ọkọ̀ lójú ẹsẹ̀.

Kò ṣòro láti yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí ẹ dúró sí ẹ̀gbẹ́ tí èrò iwájú ń jókòó sí, kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí àlàfo tó wà láàárín ẹ́ńjìnnì àti ògiri irin tó pààlà sí iwájú ibi ìjókòó. Páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ tó tẹ̀ kọrọdọ lẹ ń wá. Tó bá jẹ́ irin láti òkè dé ìsàlẹ̀, wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀. Tí ẹ bá rí dúdú rọ́bà láàárín, ẹ má rin ìrìn àjò pẹ̀lú ọkọ̀ náà, bó ti wù kó gbẹ tó. Toyota ṣe ètò àtúnṣe ọ̀fẹ́ fún un ní Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n ètò náà ti parí tipẹ́, kì í sì í ṣe gbogbo onímọ́tò ló gbé tirẹ̀ lọ. Ojú yín ni kí ẹ gbà gbọ́, kì í ṣe ẹnu ẹni tó ń tà á. Oní-irin ni kí ẹ rà, kí ẹ má gba rọ́bà tuntun. Bóòtì oníhò ló dè é mú lórí àti nídìí. Wọ́ṣà tuntun ni kí wọ́n lò sí wọn, torí èyí tó ti tẹ̀ pẹrẹsẹ tẹ́lẹ̀ yóò tún jò. Bí wọ́n bá ti tú u, kí wọ́n wo sẹ́ẹ́ kékeré tó ń sẹ́ ọ́ílì fún VVT-i níbẹ̀, kí wọ́n fọ̀ ọ́. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì kò mọ̀ pé ó wà.

Tí Highlander náà bá ní ètò àtifa tírélà, rọ́bà ọ́ílì míì tún wà níwájú, tó lọ sí kúlà ọ́ílì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rédíétọ̀. Ọgbẹ́ kan náà ló ń ṣe òun náà. Ẹ fi ìka tọ́ ọ. Tí ìka bá ti gbé ọ́ílì jáde, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Wọ́tà pọ́ǹpù ló tẹ̀ lé e. Ihò kékeré kan wà lára rẹ̀ tí omi máa ń gbà jáde nígbà tí síìlì inú rẹ̀ bá ti ń kú. Torí pé kúláǹtì Toyota, ìyẹn omi tó ń mú ẹ́ńjìnnì tutù, pọ́ńkì ni, ohun tí ẹ máa rí ni èépá tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, bí iyọ̀ tó gbẹ mọ́ irin, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́líìtì. Omi lè má kán sílẹ̀ rárá, àmọ́ tí ẹ bá ń fi omi kún ráńpẹ́ lóṣooṣù, ẹ wo ibẹ̀ kí ẹ tó fẹ̀sùn kan gásíkẹ́ẹ̀tì. Iṣẹ́ rẹ̀ kì í ṣe kékeré: wọ́n á gbé jáàkì pẹ̀lú pákó sábẹ́ ẹ́ńjìnnì, wọ́n á tú mọ́ǹtì apá ibẹ̀, kí ọwọ́ tó ráyè. Àwọn bóòtì rẹ̀ kò gùn dọ́gba. Mẹkáníìkì tó bá dà wọ́n pọ̀ sínú ike kan máa ti èyí tó gùn bọ ihò tí kò jìn, á sì ba ojú ihò náà jẹ́. Kí ó gún wọn mọ́ páálí bí wọ́n ṣe wà lára pọ́ǹpù.

Ibí yìí ni mo ti fẹ́ bẹ àwọn mẹkáníìkì wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yé yọ tẹ́mósítáàtì, ìyẹn fáàfù tó ń dá omi dúró títí ẹ́ńjìnnì á fi gbóná, sọ nù nítorí pé ilẹ̀ wa gbóná. Tẹ́mósítáàtì 2GR-FE máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ní nǹkan bíi ìwọ̀n 82 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Tí kò bá sí níbẹ̀, ẹ́ńjìnnì kì í gbóná tó bó ṣe yẹ, kọ̀ǹpútà á rò pé àárọ̀ kùtù ṣì ni, á máa da epo sí i, iná ẹ́ńjìnnì á tàn pẹ̀lú kóòdù P0128. Omi ẹ̀rọ lásán nínú rédíétọ̀ náà ń ṣe tirẹ̀: ó ń mú kí inú dípẹtà, ó sì ń jẹ síìlì pọ́ǹpù. Kúláǹtì pọ́ńkì tí wọ́n ti pò tán ni kí ẹ rọ sí i, kí ẹ má bù omi sí i mọ́.

Ariwo àárọ̀ ńkọ́? Tí ẹ bá ṣíná ọkọ̀ lẹ́yìn tó ti sùn mọ́jú, tó dún “kàràkàrà” fún bí ìṣẹ́jú-àáyá kan tàbí méjì, tó sì dákẹ́, gíà VVT-i lórí kámúṣáàfù, ìyẹn irin tó ń ṣí fáàfù, ló ń dún bẹ́ẹ̀, torí píìnì tó yẹ kó dì í mú kò dì í dáadáa mọ́. Ó ń bani lẹ́rù, kì í sì í tètè ba ẹ́ńjìnnì jẹ́. Gíà náà ni wọ́n ń pààrọ̀. Àmọ́ tí ìró bá wá láti ìsàlẹ̀, tí kò dákẹ́, tó ń le sí i bí ẹ ṣe ń tẹ tòròtù, mẹ́tálì inú ẹ́ńjìnnì, ìyẹn béárìn tí kíráńkì ń yí lórí rẹ̀, ti jẹ nìyẹn. Ẹ má rà á.

Ọ́ílì tó ń jò lára ìdérí táìmíǹ, ẹ ṣírò rẹ̀ dáadáa. Gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́, kì í ṣe gásíkẹ́ẹ̀tì, kò sì sí bí wọ́n ṣe máa tún un ṣe dáadáa láì sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀. Ẹni tó bá ní òun máa fi gọ́ọ̀mù pa á láti ìta ń gba owó yín lásán ni.

Púlọ́ọ̀gì mẹ́fà ló wà níbẹ̀, irídíọ́ọ̀mù, àlàfo ẹnu wọn jẹ́ mílímítà 1.1, wọ́n sì lè lo máìlì 120,000. Mẹ́ta iwájú rọrùn. Mẹ́ta ẹ̀yìn wà lábẹ́ àpótí afẹ́fẹ́ tí wọ́n gbọ́dọ̀ tú, ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń pààrọ̀ mẹ́ta tí wọ́n á gba owó mẹ́fà. Ẹ béèrè mẹ́fẹ̀ẹ̀fà àtijọ́ kí ẹ kà á. Tí ẹ́ńjìnnì bá ń gbọ̀n, tí scanner sì kọ P0302, ìyẹn ni pé sìlíńdà 2 kò jó epo dáadáa, ẹ pààrọ̀ ipò kọ́ìlì 2, èyí tó ń fún púlọ́ọ̀gì níná, pẹ̀lú ti 4, kí ẹ pa kóòdù rẹ́, kí ẹ wakọ̀ díẹ̀. Tó bá di P0304, kọ́ìlì lẹ́bi. Tó bá dúró sí P0302, ẹ wo púlọ́ọ̀gì àti ínjẹ́kítọ̀. Sìlíńdà 1, 3 àti 5 ló wà lẹ́yìn, níhà ògiri irin.

Lítà 6.1 ni ọ́ílì tó ń gbà pẹ̀lú fílítà. Gálọ́ọ̀nù lítà 4 kan kò tó o rárá: ẹ fi ike lítà 1 méjì kún un, kí ẹ fi ìyókù bá gééjì lọ. Ọ́ílì 5W-30 tàbí 0W-20, bí ìwé ọkọ̀ yín bá ṣe wí. Ọ́ílì 20W-50 tí wọ́n ń rọ sí i kó má baà tètè tán ti ki jù fún ihò tẹ́ẹ́rẹ́ VVT-i. Fílítà rẹ̀ jẹ́ oníwèé, inú ìdérí tó ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ ló ń gbé. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ṣísẹ́lì àti òòlù ṣí i. Rọ́bà róbótó tó bá fílítà wá, kí wọ́n fi tuntun sí i. Nínú sún kẹrẹ fà kẹrẹ àti eruku wa, kìlómítà 5,000 ni mo fara mọ́.

Highlander 2.7 oní-sìlíńdà mẹ́rin kò ní wàhálà púpọ̀, àmọ́ èèyàn méje á wúwo lé e lórí. Èyí tí mi ò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn rẹ̀ ni 2.4 àtijọ́, 2AZ-FE, ti ọdún 2001 sí 2007, tó bá ti ń gbóná. Ojú ihò bóòtì ẹ̀yìn nínú búlọ́ọ̀kù rẹ̀ máa ń yọ́, gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun kì í sì í dúró lé e. Àfi kí wọ́n lu ihò náà, kí wọ́n de ojú irin tuntun sínú rẹ̀.

Ọjọ́ tí ẹ bá lọ wo ọkọ̀, ẹ má sọ wákàtí tí ẹ máa dé. Ẹ kọ́kọ́ gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì. Tó bá ti gbóná, ẹ ò ní gbọ́ ariwo àárọ̀ yẹn: ẹ ní ẹ ń padà bọ̀ ní àárọ̀ ọ̀la.