Àpótí irinṣẹ́ fún yíyọ níúrọ́ọ̀nù: ẹ mú ẹ̀mú, ẹ fi àlùmọ́gàjí sílẹ̀

Àpótí irinṣẹ́ tí a rà ní ilé ìtajà kan nítòsí ọjà Ouando, nílùú Àjàṣẹ́, ni mo fẹ́ yẹ̀ wò fún ẹni tó bá fẹ́ ra irú rẹ̀ láti fi yọ níúrọ́ọ̀nù, ìyẹn sẹ́ẹ̀lì tó ń gbé ìròyìn kiri ara. Aplysia, ìgbín inú òkun, ni gbajúmọ̀ nínú iṣẹ́ yìí, nítorí pé níúrọ́ọ̀nù rẹ̀ lè tóbi tó mílímítà 1. Ara rẹ̀ ni Eric Kandel ti ṣe ìwádìí nípa ìrántí tó fi gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 2000. Ìgbín ilẹ̀ ni àwa fi ń kọ́ṣẹ́ ní tiwa, torí níúrọ́ọ̀nù ńláńlá wà lára òun náà, kò sì wọ́n lọ́jà. (Kí ẹnikẹ́ni má fi sebẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ o: a ti gún un ní abẹ́rẹ́ magnesium chloride kí ara rẹ̀ lè dẹ̀.)

Ẹ̀mú ẹlẹ́nu ṣóńṣó méjì, irú Dumont nọ́mbà 5, ló gbé àpótí náà níyì. Awọ líle ló bo kókó iṣan tí níúrọ́ọ̀nù wà nínú rẹ̀. A ó fi abẹ́rẹ́ wẹ́wẹ́ kan kókó náà mọ́ sílíkóònù ìsàlẹ̀ àwo, a ó fi protease, èròjà tó ń tú purotéènì ká, rẹ ẹ́ kí awọ náà rọ̀, lẹ́yìn náà ni a ó fi ẹ̀mú kan di etí awọ náà mú, tí a ó sì fi èkejì fà á ya díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ máíkíróskóòpù. Ẹ̀mú tí ẹnu rẹ̀ kò bá pàdé yóò yọ̀, yóò sì gún sẹ́ẹ̀lì. Ẹnu ti inú àpótí yìí pàdé géérégé, ṣùgbọ́n bí ó bá já bọ́ sórí símẹ́ǹtì lẹ́ẹ̀kan péré, ó ti tẹ̀ nìyẹn.

Àlùmọ́gàjí tó bá a wá kò wúlò fún wa. Ó gé ẹran ẹsẹ̀ ìgbín, ṣùgbọ́n tó bá dé ibi iṣan tẹ́ẹ́rẹ́, ṣe ni ó ń fà á dípò kí ó gé e. Iná mànàmáná inú sẹ́ẹ̀lì la fi ń mọ̀ bí ó bá ti bàjẹ́: nígbà tí abẹ́rẹ́ gíláàsì tí a rọ omi potassium chloride sí bá wọ inú sẹ́ẹ̀lì tó yè, ẹ̀rọ máa ń fi nǹkan bíi mílífóòtì 50 hàn nísàlẹ̀ òdo. Ti sẹ́ẹ̀lì tí a ti fà báyìí kì í pẹ́ tó fi ń padà sí òdo.

Àwo inú àpótí náà dára. Ẹ bá wọn dúnàádúrà kí wọ́n yọ àlùmọ́gàjí náà kúrò nínú owó. Ọ̀gá ibẹ̀ gbà fún wa, ó sì ní òun yóò bá wa wá èyí tó ní sípíríǹgì ní Kútọnu.